Ibi tí Orin Ń Fìdí Kalẹ̀ Sí: Etí, Gòjé àti Key Orin Sákárà

 

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó máa ń bi mí ní ìbéèrè tó kó wa jọ lónìí. Wọ́n á ní, “Ẹ̀gbọ́n, àwo sákárà Yusuf Ọlátúnjí yìí, key wo ló wà?” Wọ́n á ti gbọ́ ọ lórí fóònù, wọ́n á ti tẹ gbogbo bọ́tìnì dùùrù tán, wọ́n á ní F kò tó o, F sharp sì ti ga jù. Àwọn mìíràn á gbé irinṣẹ́ orí fóònù tó ń ka ohùn sún mọ́ orin náà. Ìyẹn náà á kàn máa fò láti orí lẹ́tà kan bọ́ sórí òmíràn bí ohùn olórin ṣe ń yí. Ìgbà tó bá sú wọn, wọ́n á ní orin àwọn bàbá wa kò ní key. Ó ní. Ibi tí wọ́n ti ń wá a ni kò sí.

Ìbéèrè méjì ló kó sínú ẹyọ kan yẹn. Èkíní: nínú gbogbo ohùn tí orin yìí ń lò, èwo ni ilé rẹ̀, èyí tó jẹ́ pé tí orin bá dé bẹ̀, ara ẹni tó ń gbọ́ ọ á balẹ̀? Èkejì: lẹ́tà wo ni ohùn yẹn ń jẹ́ lórí dùùrù? Èkejì ni àwọn ọmọ wa máa ń sáré sí. Èmi ní kí á kọ́kọ́ mú èkíní, nítorí ẹni tó bá ti mọ ilé orin, lẹ́tà kò ní ṣòro fún un. Ẹni tó bá sì mú lẹ́tà ṣáájú lè rí i kó má tíì mọ orin.

Ẹ wo orin ìlú Ẹ̀gbá, èyí tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ. Kò sí ayẹyẹ tí a ń ṣe ní Abẹ́òkúta tí wọn kì í kọ ọ́, láti Aké dé Kútọ̀. Ẹni kan ló máa ń dá a. Bí ó bá jẹ́ ìyá kan tí ohùn rẹ̀ ga ló dá a, òkè lọ́hùn-ún ni gbogbo wa á bá a dé, àwọn ọkùnrin á máa na ọrùn. Bí ó bá jẹ́ olóyè tó ti dàgbà ló dá a, orin á rẹlẹ̀ títí àwọn obìnrin á fi máa kùn ún nínú ọ̀fun. Atẹdùùrù á wá máa sáré lé wọn kiri, kò sì ní bá wọn títí ẹsẹ àkọ́kọ́ á fi parí. Àmọ́ ṣé orin yẹn yí padà? Rárá. Ibi tó ń sinmi sí nínú ara rẹ̀ kò kúrò níbi tí ẹni tó kọ ọ́ fi í sí. Lẹ́tà nìkan ló yí. Ẹgbẹ̀rún èèyàn nínú gbọ̀ngàn kan ló mọ ilé orin yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn mọ lẹ́tà kan ṣoṣo.

Àwọn àgbà akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní irinṣẹ́ kan fún iṣẹ́ yìí tí mo gbà pé ó sàn ju ti orí fóònù lọ. Sol-fa ni. Sarah Glover ní ìlú Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, John Curwen sì tún un ṣe, ó sì tàn án ká láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Àwọn míṣọ́nnárì ló gbé e wá bá wa. Nínú sol-fa, doh kò ní ibùjókòó kan lórí dùùrù. Ibi tí orin bá sọ di ilé ni doh wà, yálà C ni tàbí A flat. Ìdí nìyí tí bàbá kan tó ti kọrin fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò lè fi ọwọ́ kan C lórí dùùrù, fi lè gbọ́ orin tí kò gbọ́ rí, kó tẹ́ etí sí i díẹ̀, kó sì kùn ún pé, “Doh rẹ̀ rèé.” Kì í ṣe awo. Ohùn tó ṣì wà ní etí rẹ̀ lẹ́yìn tí orin dákẹ́ ló ń kùn jáde.

Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ jẹ́ kí orin máa lọ, kí ẹ pa á lójijì ní àárín ìlà, kí ẹ má sì ronú. Ohùn tí ọ̀fun yín bá fẹ́ bọ́ sí fúnra rẹ̀ kó lè sinmi, òun náà ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilé. Lórí orin ìsìn òyìnbó, èyí kì í ṣini lọ́nà. Lórí sákárà, ó lè ṣini lọ́nà gan-an, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ mi ti wúwo jù.

Ẹni tí mo ń tọ́ka sí ni Yusuf Ọlátúnjí, tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá l'Ẹ́gbàá, ọ̀gá sákárà tó fi Abẹ́òkúta ṣe ibùgbé, tó sì kú ní 1978. Ó bá Àbíbù Olúwa ṣiṣẹ́ ní Èkó kó tó di ẹni tí àwo rẹ̀ kún ilé gbogbo. Àwọn ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: ìlù sákárà tí a fi amọ̀ ṣe bí òrùka, tí a fi èèkàn na awọ sí i lójú, igbá tí wọ́n ń fi òrùka ọwọ́ lù, àti gòjé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sákárà, àwọn kan ń ta mólò olókùn mẹ́ta, àmọ́ gòjé ló borí. Lọ́dọ̀ àwọn Hausa ni gòjé ti wá sọ́dọ̀ wa. Igbá ni ikùn rẹ̀, awọ awọ́nríwọ́n ni wọ́n fi ń bò ó lójú, irun ẹṣin ni okùn kan ṣoṣo tó wà lójú rẹ̀, irun ẹṣin náà ló wà lára ọ̀pá títẹ̀ tí wọ́n fi ń ya á. Violin àwọn òyìnbó ní okùn mẹ́rin àti pákó dúdú tí ìka ń tẹ̀ ẹ́ mọ́. Gòjé kò ní irú pákó bẹ́ẹ̀. Ìka kàn ń fara kan okùn lófuurufú ni. Ẹ ò rí i pé kò sí lẹ́tà kankan lára rẹ̀. Ohùn ọ̀gá tó ń kọrin ni olùgòjé ń na okùn rẹ̀ bá. Bí ojú ọjọ́ bá tutù, awọ á rọ̀, okùn á wálẹ̀, á tún nà án padà. Orin kan náà tí wọ́n kọ lóde òkú lóru kò pọn dandan kó wà ní ibi tó wà nínú àwo.

Iṣẹ́ sákárà ni láti yin èèyàn. Olówó, ìyálọ́jà, olóyè, ẹgbẹ́ tó dá aṣọ jọ, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n kún inú àwo. Ìyìn kò sì ṣeé ṣe láìdárúkọ, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ní ohùn tirẹ̀ tí ẹnì kan kò lè yí kó má di orúkọ ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ ká mú apá mẹ́rin Ẹ̀gbá wò. Aké parí sókè. Gbágùrá náà parí sókè. Òwu dúró láàárín. Òkè-Ọnà wálẹ̀. Bí ọ̀gá sákárà bá ń ki ọmọ Aké, tó sì fi orúkọ ibẹ̀ pa ìlà rẹ̀ dé, orin á fò sókè ní ìparí ìlà. Bí ó bá yíjú sí ọmọ Òkè-Ọnà tó jókòó ti onítọ̀hún, orin kan náà, ìlù kan náà, ìlà náà á wá parí nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ń wá key ní ohùn tí ìlà parí sí á ní orin ti pààrọ̀ ilé. Kò pààrọ̀ ohunkóhun. Àlejò mìíràn ni wọ́n ń kí.

Ọ̀rọ̀ pé èdè wa ló ń darí orin kì í ṣe tuntun. T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Christ ní Èkó láti 1914 dé 1962, kọ ìwé kan lórí bí ọ̀rọ̀ àti orin Yorùbá ṣe so pọ̀, ó sì jáde ní 1953. Ṣáájú rẹ̀, J. J. Ransome-Kuti, tí wọ́n bí ní 1855, tó sì kú ní 1930, ti rí i pé orin ìsìn òyìnbó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ mọ́ wa lẹ́nu. Ó wá ń lo ohùn orin ilẹ̀ wa fún ìhìnrere. Ní 1922 ó kọ orin tó lé ní ogójì sínú àwo fún iléeṣẹ́ Zonophone ní London, pẹ̀lú dùùrù lábẹ́ ohùn rẹ̀. Mo máa ń ronú nípa ẹni tó tẹ dùùrù yẹn. Ní yàrá ìgbohùn yẹn, ẹnì kan ní láti gbọ́ ohùn bàbá Ẹ̀gbá yìí kó sì pinnu pé ibí ni ilé rẹ̀ wà, kí ìka tó lè mọ ibi tí wọ́n á tẹ̀.

Níbo wá ni ká fi etí sí? Ègbè. Ọ̀gá tó ń lé orin ló ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀, òun ló ń dárúkọ, òun ni ohùn rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀. Ègbè kì í dárúkọ gbogbo ẹni tó wá síbi àríyá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń dá padà, ohùn kan náà, ní ìgbà tí kò lóǹkà. Ibi tí ègbè bá ń jókòó sí léraléra ni ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ sí. Lẹ́yìn náà ẹ gbọ́ gòjé nígbà tí ọ̀gá bá dákẹ́ láti mí. Olùgòjé tó ti ń rìn tẹ̀lé ohùn ọ̀gá lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀ á ní àyè tirẹ̀, á ṣe àrà díẹ̀, á sì padà síbi kan kó tó jẹ́ kí ọ̀gá wọlé. Bí ibẹ̀ yẹn àti ibi tí ègbè ń jókòó sí bá bára mu, ẹ ti rí ilé. Ẹ má wá doh lọ sí inú ìlù sákárà o. Ìlù ń sọ̀rọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ ló ń gbé e lọ sókè sódò, ọwọ́ tó gbá a mú sì ń fi ìka tẹ awọ láti yí ohùn rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn àpàlà Àyìnlá Ọmọwúrà á bi mí pé kí ni kí àwọn ṣe nígbà tí kò sí gòjé níbẹ̀. Ègbè náà ni, ẹ ò ní nǹkan mìíràn.

Kókó kejì tó ń da etí rú ni pé orin wọ̀nyí sábà máa ń fi ohùn márùn-ún rìn: doh, re, mi, soh, lah. Nínú orin ìsìn òyìnbó, ti ló máa ń ti èèyàn wọ doh, bí ẹni tí a ti láti ẹnu ọ̀nà. Bí ti kò bá sí, tí fa náà kò sí, kò sí ohun tó ń ti ẹnikẹ́ni. Doh àti lah á wá máa du ipò mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ohùn márùn-ún kan náà ni, ṣùgbọ́n orin kan á fi doh ṣe ilé, òmíràn á fi lah ṣe é. Kíka ohùn kò lè sọ èyí tó jẹ́; bí wọ́n ṣe ń rìn ló ń sọ ọ́.

Àwọn tó ń ta violin ní Írẹ́lándì àti Skọ́tílándì mọ ìyà yìí dáadáa. Okùn mẹ́rin tí wọ́n ní, G, D, A àti E ni, nítorí náà orin wọn pọ̀ lórí D, G àti A, tí ọwọ́ ti rọrùn. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbọ́ orin kan, á rí i pé sharp méjì ló wà nínú rẹ̀, á sì ní D ni. Ó lè jẹ́ D lóòótọ́. Ó tún lè jẹ́ pé orí E ló ń sinmi, tàbí orí A, tàbí orí B, pẹ̀lú sharp méjì kan náà. Àwọn ará Skọ́tílándì tún ní fèrè alápò tó ní àwọn ọ̀pá tó ń dún ohùn kan láìdákẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní A. Èèyàn á rò pé ìyẹn parí ọ̀rọ̀. Síbẹ̀ àwọn orin kan wà tí fèrè yẹn ń fọn tí ilé wọn kì í ṣe A. Mo mú èyí wá nítorí àwọn tó ń sọ fún mi pé ohùn tí okùn gòjé ń dún nígbà tí ìka kò kàn án ni key. Ó lè bọ́ sí i. Kò di dandan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má jẹ́ kí ìwé tó ní key lórí já yín láyà. Ní Chicago, Francis O'Neill, ọmọ Írẹ́lándì tó di ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà, tẹ ìwé orin ilẹ̀ wọn jáde ní 1903, orin 1,850 ló wà nínú rẹ̀. Inú orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ orin yẹn wà. James O'Neill, ọlọ́pàá bíi tirẹ̀ tí orúkọ wọn kàn jọra, ló ń tẹ́tí sí i tó sì ń kọ wọ́n sílẹ̀. Key tó wà lókè ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ìpinnu etí ẹnì kan ni. Ẹni tó bá kọ sákárà sílẹ̀ lónìí ní Abẹ́òkúta náà á ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn sì ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ọ kó ní òun kò gbà.

Ó ku lẹ́tà. F tí kò tó, F sharp tó ga jù, kì í ṣe ẹ̀bi Bàbá l'Ẹ́gbàá. Àwo àtijọ́ ń yí ni. Bí ẹ̀rọ bá yí i yá ju bí wọ́n ṣe gbà á lọ ní nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, gbogbo orin inú rẹ̀ á gòkè ní bọ́tìnì dùùrù kan gbáko. Bí ó bá jẹ́ ìdá mẹ́ta péré, á dúró sáàárín bọ́tìnì méjì, ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń bá a jà gan-an nìyẹn. Àwo tí wọ́n ń pè ní 78 pàápàá, torí pé ó yẹ kó yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbà ní 78 géérégé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan á gba àwo sínú kásẹ́ẹ̀tì, kásẹ́ẹ̀tì á fà, ẹlòmíràn á gba kásẹ́ẹ̀tì sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Pé kí A máa gbọ̀n ní ìgbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìpàdé kan ní London ní 1939 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò sí i. Kò sí ẹni tó ránṣẹ́ ìpàdé náà sí olùgòjé.

Nítorí náà, ẹ fi irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà fa àwo sókè tàbí sódò títí tí á fi bá dùùrù mu. Ẹ jẹ́ kó bá àwọn bọ́tìnì dúdú mu. Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ orin kan máa ń fi àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí bọ́tìnì dúdú nìkan ni wọ́n mọ̀, pé F sharp ni wọ́n bí wọn sí. Èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Bọ́tìnì dúdú márùn-ún yẹn ni doh, re, mi, soh àti lah gẹ́lẹ́. Etí ọmọ Yorùbá ló gbé wọn lọ síbẹ̀. Bí àwo bá ti bá wọn mu, ẹ máa tẹ̀ lé ègbè. Ní ìparí ègbè, ẹ di F sharp mú lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbọ́. Nígbà tí ègbè bá tún yípo, ẹ di D sharp mú. Ọ̀kan á jẹ́ kí orin jókòó, èkejì á dà bíi pé orin ṣì fẹ́ lọ síbì kan. Bí F sharp ló jókòó, doh ni ilé. Bí ó bá jẹ́ D sharp, lah ni. Ẹ lè rí i pé mi tí olùgòjé ń ta wà nísàlẹ̀ mi orí dùùrù díẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Dùùrù ni kò ní ibi tí á gbé e sí.

Ìkìlọ̀ kan péré ló kù. Nínú àwo ńlá, sákárà lè gba gbogbo ojú kan láìdúró, bí ara sì ti ń gbóná ni ohùn ń gòkè díẹ̀díẹ̀, tí olùgòjé á máa tẹ̀ lé e. Ẹ má fi ibi tí àwo ti bẹ̀rẹ̀ ṣe ẹ̀rí fún ibi tó parí sí. Ẹ wọn méjèèjì. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí sol-fa kan náà wà lábẹ́ wọn.

Mo rí i pé wọ́n ti gbé dùùrù wá síwájú, ẹ̀rọ àwo náà sì ti wà lórí tábìlì. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ sún mọ́ iwájú. A ó gbọ́ ojú kìíní, mi ò ní dárúkọ orin náà, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kan bọ́tìnì kankan títí ègbè á fi yípo lẹ́ẹ̀mẹ́ta.